Ẹnìkan Láàrin Ọgbọ̀n: Ìbò Ààrẹ ní Dixville Notch

Mo mọ̀ pé ẹnu yóò ya àwọn kan nínú yín pé èmi tí mo ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ ni mo wá gbé ọ̀rọ̀ ìbò ka iwájú yín. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣèlú ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti rí àkọlé ọ̀rọ̀ mi nínú ìwé ìpè. Wọ́n ní mo fẹ́ wọ oko olóko. Èsì tí mo fún wọn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ fún ẹ̀yin náà. Bí àwọn olùdìbò bá jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, iṣẹ́ onímọ̀ ìṣirò àti onímọ̀ ìṣèlú ni láti sọ ohun tí ìbò wọn túmọ̀ sí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́sàn-án péré, tàbí márùn-ún, ọ̀rọ̀ yí padà. Kò sí iye níbẹ̀ mọ́ tí a lè fi ṣe ìdá nínú ọgọ́rùn-ún kí ó sì ní ìtumọ̀. Ènìyàn ni ó kù, olúkúlùkù pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ àti aládùúgbò rẹ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti di ti àwọn ẹ̀dá ìtàn tí a lè fi ìka ọwọ́ kà, mo rò pé inú oko tèmi ni mo wà.

Ibi tí mo fẹ́ mú yín lọ ni Dixville Notch. Ó wà ní òkè àríwá ìpínlẹ̀ New Hampshire ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kò jìnnà sí ààlà Kánádà. Àlàfo tóóró láàrin àwọn òkè olókùúta ni. Igbó ni ó yí i ká, yìnyín a sì máa bo ilẹ̀ ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún. Ẹkùn Coös, tí ó wà nínú rẹ̀, ni ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ jù nínú ẹkùn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tí ó wà ní New Hampshire, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan bí 31,000 ènìyàn péré ni ìkànìyàn ọdún 2020 bá níbẹ̀. Ní Dixville fúnra rẹ̀, ènìyàn 12 ni wọ́n kà ní 2010. Nígbà tí yóò fi di 2020, wọ́n ku 4. Agbo ilé kan ṣoṣo ní Ìbàdàn ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po ìlọ́po.

Òfin New Hampshire fàyè gba àwọn ìletò kéékèèké láti ṣí ibùdó ìdìbò wọn ní kété tí ọjọ́ ìdìbò bá wọlé, èyíinì ni aago méjìlá òru, kí wọ́n sì tì í pa nígbà tí gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé bá ti dìbò tán. Kì í ṣe Dixville ni ó kọ́kọ́ lo àǹfààní yìí. Hart's Location, ìletò mìíràn ní ìpínlẹ̀ náà, ti ń dìbò lóru láti 1948, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tí wọ́n gbọ́dọ̀ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí àwọn ibùdó yòókù tó ṣí. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni ó bí àṣà náà. Kò sí ẹni tí ó ń wá òkìkí. Nígbà tí ó fi di 1964, ariwo àwọn akọ̀ròyìn ti sú àwọn ará Hart's Location, wọ́n sì pa àṣà náà tì títí di 1996.

Ní 1960 ni Dixville bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ẹni tí ó dá a sílẹ̀ ni Neil Tillotson, tí wọ́n bí ní 1898. Oje igi rọ́bà ni ọkùnrin yìí fi di olówó: ó fi ń ṣe bàlúùnù fún àwọn ọmọdé, ó sì fi ń ṣe ìbọ̀wọ́. (Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ oko rọ́bà rí ní ìpínlẹ̀ Oǹdó mọ ibi tí òógùn irú ọrọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń jáde.) Ní 1954 ó ra hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan tí ń jẹ́ Balsams ní Dixville Notch. Láti ìgbà náà, hòtẹ́ẹ̀lì ni ìletò, ìletò sì ni hòtẹ́ẹ̀lì. Ọ̀nà jìn sí ibi tí àwọn ará ibẹ̀ ìbá ti máa lọ dìbò. Tillotson ní yàrá tí ó fẹ̀, ó ní tẹlifóònù tí àwọn akọ̀ròyìn lè fi ìròyìn ránṣẹ́, ó sì ní oúnjẹ tí yóò fún wọn jẹ. Kí ni ó tún kù?

Wọ́n ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún ìbò nínú hòtẹ́ẹ̀lì náà. Iye olùdìbò ni iye àgọ́ tí wọ́n gbé kalẹ̀, ẹnìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀, kí gbogbo wọn lè fi àmì sí ìwé wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí aago bá lu méjìlá, Tillotson ni yóò kọ́kọ́ ju ìwé rẹ̀ sínú àpótí, àwọn yòókù a sì tẹ̀ lé e. Láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀ wọn a ti kà á tán, wọn a kọ èsì sí ojú pátákó, àwọn oníkámẹ́rà a sì yà á. Kí ìyókù Amẹ́ríkà tó jí lójú oorun, ìròyìn ti kàn pé báyìí báyìí ni Dixville ṣe. Títí di ọdún 2000 ni bàbá yìí fi jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ nídìí àpótí. Ó kú ní 2001, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ó di dandan kí n ka àwọn èsì náà fún yín, nítorí inú wọn ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ní 1960, Nixon rí ìbò 9, Kennedy kò rí ẹyọ kan. Kennedy ni ó di ààrẹ. Ní 1964, Goldwater rí 8, Johnson rí 1. Johnson sì fẹ̀yìn Goldwater balẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè náà. Ní 1968, Humphrey rí 8, Nixon rí 4. Nixon ni ó wọlé. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta léraléra ni wọ́n ṣì í. Ní 1972 ni wọ́n tó bá àwọn ará yòókù rìn, Nixon 16, McGovern 3. Ní 1976 wọ́n tún yà bàrá: Ford 13, Carter 11. Lẹ́yìn náà ni ìgbà Reagan dé, 17 sí 3 lórí Carter ní 1980, 29 sí 1 lórí Mondale ní 1984. Bush àgbà rí 34 ní 1988, Dukakis rí 3. Ní 1992, Bush kan náà rí 15, Perot 8, Clinton 2 péré. Kódà olùdíje ẹgbẹ́ Libertarian, tí ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà kò mọ orúkọ rẹ̀, kó 5, ó sì ju ẹni tí ó di ààrẹ lọ. Ní 1996, Dole 18, Clinton 8. Bush ọmọ rí 21 ní 2000, Gore rí 5. Ní 2004, ó rí 19, Kerry rí 7. Ní 2008 ni Obama rí 15, tí McCain rí 6, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Dixville yóò fi ọ̀pọ̀ ìbò fún ẹgbẹ́ Democrat láti ìgbà Humphrey. Ní 2012, Obama 5, Romney 5. Ní 2016, Hillary Clinton 4, Trump 2. Ní 2020, Biden 5, Trump òdo. Ní 2024, Harris 3, Trump 3.

Bí àwọn akọ̀ròyìn ṣe ń gbé èsì yìí kiri ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin, bí ẹni gbé ọ̀rọ̀ ifá ni. Wọn a máa sọ ọ́ bíi pé òru Dixville ni a ti ń rí òwúrọ̀ Amẹ́ríkà. Mo jókòó, mo ṣírò rẹ̀. Nínú ìdìbò ààrẹ 17 láti 1960 sí 2024, ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ni ẹni tí Dixville yàn wọlé, ẹ̀ẹ̀meje ni kò wọlé, ẹ̀ẹ̀mejì ni ìbò wọn dọ́gba. Bí a bá ń sọ owó ẹyọ sókè, tí a ń wo ojú tí ó fi balẹ̀, bí yóò ti máa rí náà nìyẹn. Babaláwo tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ṣẹ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ tí ó sì kùnà lẹ́ẹ̀meje, n kò mọ ẹni tí yóò tún gbé ẹẹ́jì owó lọ bá a.

Síbẹ̀ kò yẹ kí a torí èyí fojú tín-ín-rín ìbò àwọn tí kò pọ̀. Ní ọdún 2000, nǹkan bí ìbò 7,200 péré ni Bush fi ju Gore lọ ní gbogbo New Hampshire. Ìbò mẹ́rin ni ìpínlẹ̀ kékeré náà ní nínú ìgbìmọ̀ tí ń yan ààrẹ ní Amẹ́ríkà. Bí Gore bá ti rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ni, òun ni ìbá wọlé, arukutu Florida tí gbogbo ayé ń wò ní ọdún náà kì bá sì já mọ́ nǹkan kan. Àwọn tí kò pọ̀ lè yí nǹkan padà. Ohun tí mo ń sọ ni pé wọn kì í ṣe awòye.

Bí kì í bá ṣe àsọtẹ́lẹ̀, kí ni àwọn ìbò wọ̀nyí ń sọ? Lójú tèmi, ìtàn hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń sọ. Àwọn tí ń dìbò níbẹ̀ ni ẹbí Tillotson, àwọn ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ Balsams, àti àwọn aya, ọkọ àti ọmọ wọn. N kò sọ pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí iye wọn ti ń pọ̀ sí i bí iṣẹ́ ti ń pọ̀: mẹ́sàn-án ní 1960, mọ́kàndínlógún ní 1972, ọgbọ̀n ní 1984. Ní 2011 hòtẹ́ẹ̀lì náà kógbá sílé. Ní 2012, olùdìbò ku mẹ́wàá. Ní 2016, mẹ́jọ. Ní 2020, márùn-ún. Ẹni tí kò gbọ́ pé hòtẹ́ẹ̀lì ti tì, tí ó kàn wo nọ́ńbà, yóò kọ ọ́ sínú ìwé pé ọkàn àwọn ará Dixville ti yí kúrò lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ Republican sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ Democrat. Ọkàn ta ni ó yí? Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n fún Reagan ní 29 kò sí níbẹ̀ mọ́. Ilé kan náà ni, àwọn ayálégbé ni ó yàtọ̀.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní àyíká wọn tilẹ̀ lòdì sí tiwọn. Ẹkùn Coös jẹ́ ibi tí àwọn ènìyàn ti ń fi igi ṣe pépà láti ayébáyé. Iléeṣẹ́ tí ń ṣe èròjà pépà ní Berlin tì ní 2006, ti Groveton tẹ̀ lé e ní 2007. Ẹkùn náà fún Obama ní ìbò ní 2008 àti 2012, ṣùgbọ́n láti 2016 ó ti kọjú sí Trump, kò sì tíì wẹ̀yìn. N kò gbà pé ọ̀rọ̀ pépà nìkan ni ó fà á, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bá ṣàlàyé rẹ̀ kò lè fo pépà dá. Millsfield ni ìletò tí ó bá Dixville pààlà. Lóru ọjọ́ kan náà ní 2016 tí Dixville fún Clinton ní 4, Trump ní 2, Millsfield fún Trump ní 16, Clinton ní 4. Ní 2020, tí Dixville fún Biden ní gbogbo márààrún tí ó wà níbẹ̀, Trump tún rí 16 ní Millsfield, Biden rí 5. Òkè kan náà, yìnyín kan náà. Ẹni tí ó bá ní ìgbéríko a máa dìbò báyìí tàbí báyìí, kí ó sọ èwo nínú àwọn méjèèjì ni ìgbéríko.

Kí n fi èyí kún un kí n tó kúrò níbẹ̀. Ní 2019 ó ku díẹ̀ kí àṣà náà parẹ́ ní Dixville, nítorí pé ènìyàn márùn-ún ni ó gbọ́dọ̀ wà láti di àwọn ipò tí òfin là sílẹ̀ fún ibùdó ìdìbò, ẹnìkan sì ti kó lọ. Ìgbà tí ẹlòmíràn kó wọ ìletò náà ni wọ́n tó mí kanlẹ̀. Èyí ni pé àwọn kan náà ni akọ̀wé, àwọn ni òǹkà, àwọn ni olùdìbò. Ẹni tí ó ń ka ìwé ìbò mọ ọwọ́ ẹni tí ó kọ ọ́.

Èyí ni ó gbé mi dé ibi tí mo ti ń bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ padà bá mi lọ sí 1964: mẹ́jọ sí ọ̀kan. Ẹni tí ó fún Johnson ní ìbò yìí bá ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà mu, ó bá ọ̀pọ̀ ará New Hampshire mu pẹ̀lú, nítorí pé Johnson ni ó gba ìpínlẹ̀ náà. Nínú yàrá yẹn nìkan ni ó ti dá wà. Ẹ wá wo 1984: mọ́kàndínlọ́gbọ̀n sí ọ̀kan. Minnesota tí í ṣe ìpínlẹ̀ Mondale fúnra rẹ̀, àti olú-ìlú, Washington, nìkan ni Mondale ti borí. Ẹni tiwa yìí dá wà nínú yàrá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá wà ní Amẹ́ríkà. (Èdè wa ṣe mí lóore níbí. Bí mo bá ní “ó”, n kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, n kò sì mọ̀ ọ́n.) Ẹ fojú inú wò ó bí ó ti dúró nígbà tí wọ́n ń kọ “1” sí ojú pátákó, tí kámẹ́rà ń kọ mànà, tí ọgbọ̀n ènìyàn ń wo ara wọn lójú. Òfin ti fún un ní àgọ́, àgọ́ náà sì bo ọwọ́ rẹ̀. Ohun tí àgọ́ kò lè bò ni pé ọ̀kan nínú ọgbọ̀n ni. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn yòókù ni. Òun nìkan ni ó mọ ìbò gbogbo ènìyàn tí ó wà nínú yàrá náà, láìku ẹnìkan.

Ó tún wá ṣe mí ní kàyéfì pé ìgbà tí gbogbo wọn bá ṣọ̀kan ni àṣírí ń tú pátápátá. Ní 1960, mẹ́sàn-án sí òdo; ní 2020, márùn-ún sí òdo. Àwa tí a wà níhìn-ín, tí a kò dé ibẹ̀ rí, mọ ẹni tí olúkúlùkù wọn dìbò fún. Ní 2020, ẹni tí ó kọ́kọ́ dìbò tilẹ̀ sọ fún kámẹ́rà ní tààrà. Kò jẹ́ nǹkan kan fún un láti sọ ọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀ báyìí kọ́ ni mo ń ro tirẹ̀.

Mo ti fojú mi rí ẹni tí mo ń ro tirẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá 1991, nígbà tí wọ́n ń dìbò gómìnà, mo wà ní abúlé oko bàbá mi. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà náà. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà tó yóò rántí pé kò sí ìwé ìbò ní ọdún náà. Àwòrán àwọn olùdíje ni wọ́n gbé kalẹ̀, olùdìbò a tò sẹ́yìn èyí tí ó bá wù ú, òṣìṣẹ́ ìbò a sì kà wọ́n sókè kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́. Èrò tí ìjọba fi ṣe é kò burú: àpótí tí kò sí, ta ni yóò jí i gbé? Ẹgbẹ́ méjì ni ìjọba ológun fọwọ́ sí, SDP àti NRC. N kò ní sọ èyí tí ìlà rẹ̀ gùn ní abúlé wa, nítorí kò kan ọ̀rọ̀ yìí.

Ìlà kan gùn láti abẹ́ igi ọdán dé ẹ̀yìnkùlé Baálẹ̀. Lẹ́yìn àwòrán kejì, ọkùnrin kan ṣoṣo ni ó dúró. Ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Àwọn ọmọdé kọ́kọ́ rò pé ó ṣì ìlà ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é láti inú ìlà gígùn náà, ó ní, “Ṣé ojú ń dùn ọ́ ni? Ibí ni a wà.” Ó dáhùn pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí yín.” Kò sì kúrò. Nígbà tí òṣìṣẹ́ ìbò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó gbé ohùn sókè, ó ní, “Ení!” Kò sí èjì tí yóò tẹ̀ lé e. Gbogbo abúlé bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì jẹ́wọ́ rẹ̀ níwájú yín. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ení. Àwọn ọmọ rẹ̀ di ọmọ Ení. Ní ọdún kejì, ó bẹ ọ̀wẹ̀ láti fi mọ ilé. Ènìyàn mẹ́ta ni ó jẹ́ ẹ. Ẹni tí ó bá mọ abúlé mọ ohun tí èyí jẹ́. Ní ibi tí kò sí àgbàṣe tí a lè fi owó pè, tí ọ̀wẹ̀ bá kọ ènìyàn, ilé rẹ̀ kò ní kúrò ní ìpìlẹ̀.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 1993, wọ́n ti dá ìwé ìbò padà. Olùdìbò a tẹ̀ka ní kọ̀rọ̀, a sì ju ìwé rẹ̀ sínú àpótí ní gbangba. Ní abúlé wa, ìbò ẹgbẹ́ tí ó jẹ́ ení ní 1991 kì í ṣe ení mọ́. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó kí ojú àwọn kan máa wo ilẹ̀ nígbà tí wọ́n kà á. Olùdíje yàtọ̀, ipò tí wọ́n ń dù yàtọ̀, n kò sì lè fi búra pé àwọn kan nínú ìlà gígùn ọjọ́sí ni. Ṣùgbọ́n ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn.

Ìdìbò ní ìkọ̀kọ̀ kò pẹ́ láyé bí a ti rò ó. Títí di 1872, ẹnu ni olùdìbò fi ń sọ ẹni tí ó fẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níṣojú onílẹ̀ tí ó ń dá oko lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ọsirélíà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe òfin irú ìwé ìbò tí a mọ̀ lónìí, ní 1856, Massachusetts sì ni ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tí ó gbà á jákèjádò, ní 1888. Àwọn tí wọ́n jà fún un ń ro ti alágbàṣe lábẹ́ ọ̀gá, àti ayálégbé lábẹ́ onílé. N kò rò pé wọ́n ro ti ibi tí olùdìbò ti jẹ́ márùn-ún. Àgọ́ ń bo ọwọ́, ṣùgbọ́n èrò ni ó ń bo ìbò. Níbi tí kò bá ti sí èrò, ohun tí ó bò ọ́ kò ju pé àwọn aládùúgbò rẹ pinnu pé àwọn kò ní bi ọ́ léèrè.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Kí ìdìbò 2023 tó wáyé, àjọ INEC kéde pé nínú ibùdó ìdìbò 176,846 tí ó wà ní Nàìjíríà, 240 ni kò ní ẹyọ olùdìbò kan tí ó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, a kò sì ní dìbò níbẹ̀. Àwọn mìíràn wà tí ó ní, ṣùgbọ́n tí wọ́n kéré. A ti mú ibùdó sún mọ́ àwọn ènìyàn, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ìyá arúgbó kò yẹ kí ó rin ìrìn wákàtí méjì kí ó tó tẹ̀ka. Bí Hart's Location àti Dixville ti ro ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti ọ̀nà jíjìn náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí àpótí bá ti ń sún mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ tó, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ẹ jọ ń lò ó ń dínkù tó, bẹ́ẹ̀ ni ìbòjú rẹ sì ń fẹ́lẹ́ tó. Lẹ́yìn ìkà, wọn a kọ èsì ibùdó kọ̀ọ̀kan sínú ìwé EC8A, wọn a lẹ ẹ̀dà èsì náà mọ́ ibẹ̀, láti 2023 sì ni wọ́n ti ń gbé àwòrán ìwé yìí ti ìdìbò ààrẹ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ó wà ní London lè rí i pé ní ibùdó kan báyìí, ẹgbẹ́ kan rí ení.

Ní ìpínlẹ̀ Nevada ní Amẹ́ríkà, bí ìbò ní ibùdó kékeré kò bá tó mẹ́wàá, àmì ìràwọ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ dípò nọ́ńbà nínú èsì tí wọ́n ń gbé jáde. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo sì mọ ohun tí ẹ máa sọ: ní ilẹ̀ wa, ìràwọ̀ kan lè bí ẹgbẹ̀rún ìbò kó tó dé ibi tí wọ́n ti ń kó èsì jọ. Òótọ́ ni. Ìwé tí a lẹ mọ́ ara ògiri ni ohun tí ó ń dá olè lọ́wọ́ kọ́ láàrin ibùdó àti ibi ìkójọ, n kò sì fẹ́ kí a yọ ọ́. Ohun tí mo rò ni pé kí àwọn ibùdó tí olùdìbò wọn kò tó ogún, tí wọn kò sì jìnnà sí ara wọn, máa da ìwé ìbò wọn pọ̀ kí wọ́n tó kà á, níṣojú àwọn aṣojú ẹgbẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ti ṣe òṣìṣẹ́ ìbò rí sọ fún mi pé gbígbé àpótí láti ibùdó kan sí èkejì gan-an ni àwọn jàǹdùkú ń dúró dè. N kò rí èsì gidi fún un, títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó yé wa pé ohun méjì ni a ń fi wọn ara wọn, ìbò tí wọn kò lè jí àti ìbò tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí àwa ti ń sọ̀rọ̀ bíi pé àkọ́kọ́ nìkan ni ó wà.

Ẹ jẹ́ kí n fi Dixville parí. Ní oṣù Kìíní 2024, nígbà tí wọ́n ń yan olùdíje ẹgbẹ́ Republican, gbogbo àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí ó wà níbẹ̀ fún Nikki Haley ní ìbò. Mẹ́rin nínú wọn ni orúkọ wọn wà nínú ìwé ẹgbẹ́ Republican. Àwọn méjì kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan. Ní oṣù Kọkànlá, mẹ́ta fún Harris, mẹ́ta fún Trump. Ẹ ṣírò rẹ̀. Bí àwọn méjì tí kò ní ẹgbẹ́ bá tilẹ̀ fún Harris, ó kù ẹnìkan, ó kéré tán, tí ó jáde kúrò láàrin àwọn Republican mẹ́rin. Àwọn mẹ́fà náà yóò ti ṣe ìṣirò yìí kí àwa tó ṣe é, bí wọ́n ti dúró níwájú pátákó.

Ní bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn 1991, mo bá Ení jókòó ní iwájú ilé tí ó mọ fúnra rẹ̀, mo sì bi í léèrè ìdí tí ó fi dá dúró. Mo ń retí ọ̀rọ̀ ńlá. Ó ní òun kò tilẹ̀ fẹ́ràn olùdíje náà tó bẹ́ẹ̀. Ó ní ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, òun ti sọ fún ìyàwó òun pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni òun yóò tò sí. Nígbà tí òun sì dé ibẹ̀ ní òwúrọ̀ tí òun rí i pé kò sí ẹnikẹ́ni, ó ti pẹ́ jù láti yí ẹsẹ̀ padà, nítorí ìyàwó òun wà nínú ìlà kejì, ó ń wo òun.